Iṣẹ́ Wo Ni Ewé Etí Ń Ṣe Gan-an?

Bí ẹnìkan bá pe orúkọ yín láti òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè náà lẹ máa wò. Ẹ kò ní kọ́kọ́ wo ilẹ̀, ẹ kò sì ní bojú wẹ̀yìn kí ẹ tó gbójú sókè. Tí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Ọgbọọgba ni etí méjèèjì wà lórí wa, ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ. Ìró tó bá ti ọ̀kánkán iwájú wá, tàbí láti ẹ̀yìn, tàbí láti òkè àtàrí, ìgbà kan náà ló máa dé etí ọ̀tún àti etí òsì, bó bá sì ṣe dún kíkan tó nínú ọ̀kan ló máa dún tó nínú èkejì. Ọ̀nà wo wá ni ọpọlọ ń gbà mọ̀ pé òkè ni, pé kì í ṣe ẹ̀yìn?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ihò etí ni gbogbo iṣẹ́ wà, pé ewé etí tó yọ síta yìí kò ju ibi tí a ń fi yẹtí sí àti ibi tí a ń gbé awò ojú kọ́ lọ. Ọwọ́ ewé etí yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Bó ṣe ṣẹ́po, bó ṣe kòtò, bó ṣe tóbi tó, ni ọpọlọ ń lò láti mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ àti iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Etí oníkálukú sì ní bó ṣe rí. Ọpọlọ yín ti mọ etí yín láti kékeré. Bí a bá gbé etí tèmi fún un, yóò máa gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n yóò máa ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀tún àti òsì kúrò lọ́nà ná, torí ìyẹn kò le. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ti apá ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ bá, kó tó yí orí po dé tòsì. Ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín méjèèjì kéré jọjọ. Níbi tó pọ̀ dé, kò ju nǹkan bí ìdá 7 nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀ ọpọlọ ń rí i kà. Nínú àyẹ̀wò, ẹni tí etí rẹ̀ bá já fáfá lè mọ ìyàtọ̀ tí kò ju ìdá 1 nínú 100,000 lọ. Ọ̀nà kejì ni bí ìró ṣe kan tó: orí wa máa ń ṣíji bo etí tó wà ní òdìkejì. Ìró tó rinlẹ̀, bíi ti ìyá ìlù tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ńlá, máa ń yí orí po láìsí wàhálà. Ìró tín-ín-rín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, orí á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ní 1907 ni Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sínú àlàyé kan: ọpọlọ ń wo àkókò fún ìró tó rinlẹ̀, ó ń wo bó ṣe kan tó fún ìró tín-ín-rín. Àlàyé yẹn kò tíì wó títí dòní.

Àmọ́ kò débi tí ìbéèrè wa wà. Ẹ fi ìka fa ìlà kan láti imú lọ sí iwájú orí, lọ sí àtàrí, títí dé ìpàkọ́. Ibikíbi tí ìró bá ti wá lórí ìlà yẹn, kò sí ìyàtọ̀ àkókò, kò sí ìyàtọ̀ kíkan. Kì í sì í ṣe orí ìlà yẹn nìkan. Ìró tó ti igun iwájú lápá ọ̀tún wá àti èyí tó ti igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kan náà wá, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún etí méjèèjì nípa àkókò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà nípa kíkan.

Òwìwí yanjú tirẹ̀ lọ́nà àrà. Irú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ funfun, tó máa ń gbé inú ilé àtijọ́, ihò etí rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ, nítorí náà bí ìró ṣe kan sí nínú ọ̀kan ju èkejì lọ ń sọ fún un bóyá òkè ni eku wà tàbí ìsàlẹ̀. Ó lè gbé eku nínú òkùnkùn biribiri láìfojú rí i. Àwa kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ewé etí ló ń bá wa ṣe é.

Ẹ fọwọ́ tọ́ etí yín wò. Létí òde pátápátá, awọ náà ṣẹ́po. Inú ìṣẹ́po yẹn ni òkè kékeré mìíràn wà tó gùn wálẹ̀. Ṣáájú ihò etí ni ìkòtò kan wà tí orí ìka àtàǹpàkò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, ẹran kékeré kan sì yọ síwájú ihò náà. Nígbà tí ìró bá dé, apá kan rẹ̀ á wọ ihò etí tààrà. Apá mìíràn á kọ́kọ́ lu ògiri ìkòtò yẹn, á ta padà, kó tó wọlé. Ọ̀nà tí ìkejì fi jìn ju tàkọ́kọ́ lọ kò ju sẹ̀ǹtímítà bí ẹyọ kan sí mẹ́ta, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n náà wà.

Ẹ mú ìró 8,000 Hz, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú ìró tín-ín-rín tó máa ń wà nínú ṣẹ́kẹ́rẹ́ nìyẹn, àti nínú "ṣ" àti "s" tí à ń pè lẹ́nu. Ìgbì rẹ̀ kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4.3. Bí èyí tó ta padà bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ rìn ju èyí tó wọlé tààrà, ìdajì ìgbì kan ló fi pẹ́ dé. Nígbà tí àkọ́kọ́ bá ń gòkè, òun á máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á pa ara wọn. Nítorí náà, nínú gbogbo ìró tó wọlé, àlàfo kan á ṣí ní agbègbè 8,000 yẹn, àwọn tó kù á wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ìró bá wá láti ibi tó tún ga sí i, igun tó fi ń lu ògiri ìkòtò náà á yí padà, ìyàtọ̀ ọ̀nà á kúrú, àlàfo náà á sún kúrò níbi tó wà. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ìró bá ti ìsàlẹ̀ ojú wá, àlàfo yìí máa ń wà ní nǹkan bíi 6,000 Hz. Bó bá ti òkè wá, ó lè sún dé 10,000. Mo ti mú àlàyé náà rọrùn ju bó ṣe rí lọ. Nínú etí gidi, ibi púpọ̀ ni ìró ti ń ta padà, ìkòtò náà fúnra rẹ̀ sì máa ń gbé àwọn ìró kan ga ju bí wọ́n ṣe wọlé lọ. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣáà nìyẹn.

Bí ilà ojú ṣe máa ń sọ ìlú tí ènìyàn ti wá láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewé etí ṣe ń kọ ilà fún ìró kó tó jẹ́ kó wọlé: òkè ní ilà tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Ọpọlọ tó mọ ilà ló ń kà á.

Ìró tó rinlẹ̀ kì í gba ilà kankan. Ìgbì ìró 100 Hz kan gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Kí ni etí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí méje lọ fẹ́ fi í ṣe? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ṣe àríyá ládùúgbò lóru, tó jẹ́ báàsì nìkan ló ń la ògiri kọjá bá yín lórí ibùsùn, ẹ lè mọ apá ibi tó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n bóyá orí òrùlé ni wọ́n gbé sípíkà sí tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, etí kò lè bá yín sọ ọ́.

Ẹ lè dán gbogbo èyí wò nílé. Ẹ dijú, kí ẹnìkan máa mi ìdì kọ́kọ́rọ́ níwájú yín, lókè orí yín, lẹ́yìn yín, láìsọ̀rọ̀, kí ẹ máa nàka sí ibi tó ti ń dún. Ẹ óò ríbẹ̀ mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ewé etí méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí pẹlẹbẹ, kí ihò etí ṣì wà ní ṣíṣí, kí onítọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún àti òsì kò ní yingin. Òkè àti ẹ̀yìn ni yóò dojú rú. Kí ẹni tó ń mi kọ́kọ́rọ́ má ṣe rẹ́rìn-ín o, torí ẹ̀rín rẹ̀ lè tú àṣírí ibi tó wà.

Ní ti pé etí yàtọ̀ sí etí, àwọn ọlọ́pàá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú àwọn onímọ̀ ìró. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Alphonse Bertillon, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá ìlú Paris, fi gígùn etí ọ̀tún kún àwọn ìwọ̀n tó ń gbà lára arúfin kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá tún mú un. Fún ìró, ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń fà ni pé ẹni tí ewé etí rẹ̀ tóbi, tí ìkòtò rẹ̀ jìn, àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń bọ́ sí ibi tó kéré ju ti ẹni tí etí rẹ̀ kéré lọ. Ilà tó túmọ̀ sí "òkè díẹ̀" nínú etí ẹnìkan lè túmọ̀ sí "ọ̀kánkán iwájú" nínú etí ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1998, láti Yunifásítì Nijmegen lórílẹ̀-èdè Netherlands. Paul Hofman, Jos Van Riswick àti John Van Opstal rọ ike kékeré tó bá ìkòtò etí ènìyàn mẹ́rin mu. Wọ́n fi dí apá kan ìkòtò náà, wọ́n fi ihò etí sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ìró lè ráyè wọlé. Ẹ kíyè sí i pé gbígbọ́ kò dín kù. Ìrísí etí nìkan ni wọ́n yí padà. Lójú ẹsẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dún ìró lókè tàbí nísàlẹ̀, ojú wọn kì í lọ síbi tó yẹ. Ọ̀tún àti òsì kò bà jẹ́.

Àwọn olùwádìí náà ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má yọ ike náà. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi rìn káàkiri ìlú, wọ́n fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òkè àti ìsàlẹ̀ padà sípò. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn. Ìgbé ayé ojoojúmọ́ ló kọ́ ọpọlọ wọn: ojú rí ẹyẹ lórí igi, etí gbọ́ ọ, ọpọlọ so méjèèjì pọ̀. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ike náà. Ènìyàn á rò pé wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀ ni. Rárá o. Etí wọn àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tuntun kò pa àtijọ́ rẹ́.

Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ náà. Etí ọmọdé kì í dúró sójú kan. Kódà etí àgbà náà kì í dúró: nínú ìwọ̀n tí àwọn dókítà kan gbà lára àwọn aláìsàn wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1995, etí ń gùn sí i ní nǹkan bíi 0.22 mìlímítà lọ́dún kan. Bí ọpọlọ kò bá lè tún ilà kọ́, a ò bá ti máa wo ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè wá láti òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọ̀pọ̀ wa lónìí ni íápíìsì. Ẹ fi í sétí, ẹ gbọ́ orin: inú orí ni orin náà wà, bí ẹni pé ẹgbẹ́ akọrin jókòó sáàárín etí méjèèjì. Kò yani lẹ́nu, torí íápíìsì ti fo ewé etí dá, ìró wọlé láìgba ilà. Ní 1989, Frederic Wightman àti Doris Kistler ní Yunifásítì Wisconsin, Amẹ́ríkà, fi máìkì tín-ín-rín sínú ihò etí àwọn ènìyàn, wọ́n dún ìró láti ọ̀pọ̀ ibi yí wọn ká, wọ́n sì gba bí ewé etí oníkálukú ṣe yí ìró kọ̀ọ̀kan padà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ilà yẹn sínú ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú hẹ́ẹ̀dífóònù, ìró náà jáde kúrò nínú orí, ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti sípíkà gidi. Ní 1993, Elizabeth Wenzel ní iléeṣẹ́ NASA, pẹ̀lú àwọn méjì yìí àti ẹnìkan sí i, wá bi ara wọn pé: tí a bá fi ilà etí ẹnìkan fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ènìyàn 16 ni wọ́n dán an wò lára wọn. Ọ̀tún àti òsì dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ṣíṣi iwájú gbọ́ sí ẹ̀yìn pọ̀ sí i gan-an, òkè àti ìsàlẹ̀ sì dà rú fún àwọn kan.

Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ pé ohùn inú géèmù kan ń yí òun ká, tí ẹ̀yin sì gbé hẹ́ẹ̀dífóònù kan náà sétí tí gbogbo rẹ̀ ń dún lẹ́yìn orí yín, kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú yín. Etí tí àwọn tó ṣe géèmù náà lò ló jọ tirẹ̀ ju tiyín lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tilẹ̀ í ṣe etí ènìyàn ni. Ère kan wà tí wọ́n ń pè ní KEMAR, orí àti àyà pẹ̀lú etí rọ́bà, tí iléeṣẹ́ Knowles ní Amẹ́ríkà ṣe ní 1972. Ní 1994, àwọn olùwádìí ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, wọn bí ère yìí ṣe ń gbọ́ ìró láti ibi 710 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yí i ká, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti fi etí ère yẹn gbọ́ nǹkan láìmọ̀.

Láti 2022 ni Apple ti ń jẹ́ kí ènìyàn fi kámẹ́rà iPhone ya etí rẹ̀ kí íápíìsì lè bá a mu. Sony náà ń gba fọ́tò etí. Lójú tèmi, ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú àwòrán mọ ilà ìró kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, torí ìyàtọ̀ mìlímítà díẹ̀ nínú ìkòtò etí tó láti sún àlàfo kúrò níbi tó yẹ. Ti orin "8D" tí àwọn ènìyàn ń fi ṣọwọ́ síra wọn lórí WhatsApp, tí wọ́n á ní kí ẹ fi íápíìsì gbọ́, kò sí ilà gidi púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kàn ń gbé orin láti ọ̀tún lọ sí òsì, wọ́n fi gbohùngbohùn díẹ̀ sí i ni. Ó dùn gbọ́, n kò bá a jà, àmọ́ kò sí òkè níbẹ̀.

Ilà nílò ara tó máa jókòó lé. Ìró tó bá kún, tó ní èyí tó rinlẹ̀ àti èyí tó tín-ín-rín pa pọ̀, ni àlàfo ti lè hàn nínú rẹ̀. Ìró tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ibi tí ilà máa gbà hàn. Ìrẹ̀ tó bá wọ yàrá yín lóru, agbègbè 4,000 sí 5,000 Hz nìkan ni igbe ọ̀pọ̀ nínú wọn wà; ẹ lè tan tọ́ọ̀ṣì yí gbogbo yàrá ká láìrí i. Fóònù tó ń dún "tíín" níbì kan nínú àga náà nìyẹn. Jens Blauert, onímọ̀ ìró ọmọ Jámánì, fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1960 pé ìró tóóró bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ: bí wọ́n bá dún èyí tó wà ní agbègbè 8,000 Hz, òkè ni àwọn tó gbọ́ ọ máa ń tọ́ka sí, yálà iwájú ló ti wá tàbí ẹ̀yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù á ti kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń ṣe rìfáàsì kì í dún "píí-píí" mọ́. "Kṣṣ-kṣṣ" ni wọ́n ń ṣe. Ìró tó kún ni wọ́n fi rọ́pò ẹyọ kan, kí ẹni tó wà nítòsí lè mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ kíá.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn tí a ní ni ọrùn. Hans Wallach, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi hàn ní 1940 pé bí a bá yí orí díẹ̀ nígbà tí ìró ṣì ń dún, iwájú àti ẹ̀yìn á yàtọ̀. Bí ẹ bá kọjú sí òsì díẹ̀, etí ọ̀tún á sún mọ́ ìró tó wà níwájú, ṣùgbọ́n á jìnnà sí èyí tó wà lẹ́yìn. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ìró náà gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀. Ìró tó dún gbàù lẹ́ẹ̀kan, ewé etí nìkan la ní fún un.

Ohunkóhun tó bá bo ewé etí ń bo ilà náà. Fìlà abetí ajá tí a fa etí rẹ̀ wálẹ̀, gèlè tó bo etí mọ́lẹ̀, àṣíborí ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló ń dín in kù, àṣíborí ló sì burú jù nínú wọn, torí ojú títì kì í ṣe ibi tó yẹ kí ènìyàn ti máa ṣi ẹ̀yìn gbọ́ sí iwájú. Ọjọ́ orí náà ń ṣe tirẹ̀. Ìró tín-ín-rín ni etí àgbà kọ́kọ́ ń pàdánù, ibẹ̀ sì ni ilà òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ sísọ kò nílò tó bẹ́ẹ̀: tẹlifóònù àtijọ́ kì í jẹ́ kí ìró tó ju 3,400 Hz lọ kọjá, síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa yé. Nítorí náà, màmá àgbà lè gbọ́ pé ẹ ń pe òun láti orí àkàsọ̀, kó dáhùn, kó sì máa wo ẹnu ọ̀nà.

Èyí ló jẹ́ kí ibi tí máìkì wà ṣe pàtàkì nínú ẹ̀rọ tí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa ń lò. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn etí, òkè ewé etí ni máìkì rẹ̀ sábà máa ń wà, ìró ń wọ inú rẹ̀ láìgba ìkòtò kọjá. Èyí tó ń wọ inú ihò etí, ẹnu ihò ni máìkì tirẹ̀ wà, ìró ti gba ilà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni èyí tó kéré yẹn bá mu o. Ẹni tí etí rẹ̀ ti di gan-an sábà máa ń nílò èyí tó lágbára, tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn etí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ bi oníṣègùn etí pé kó fi ibi tí máìkì rẹ̀ wà hàn yín.